Ọkọ̀ Tí Mo Rán Aṣọ Fún

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ pé fóònù àti ìfẹ́ ọkàn ti tó láti fi ya fíìmù níta gbangba. Irọ́ gbuu ni! Oòrùn ń bẹ níta, afẹ́fẹ́ ń bẹ níta, òjò náà sì ń bẹ níbẹ̀ tí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Aránṣọ ni mí. Bí aṣọ bá tóbi jù, màá gbà á wọlé. Bó bá fún jù, màá tú u. Ta ló fẹ́ bá mi tú òjò?

Bàbá mi ni mo fẹ́ yà. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kàn láti ìgbà èwe rẹ̀, nínú àgọ́ onípáànù kan létí odò. Kò sí atukọ̀ kan ládùúgbò wa tí kò tíì jókòó sínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rí. Nígbà tó yá, àìsàn kan dá a gúnlẹ̀. Àìsàn náà lọ o, àmọ́ ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sílẹ̀ tó ń gbọ̀n. Bó bá gbé tíì báyìí, ife á máa bá àwo rẹ̀ sọ̀rọ̀. Làwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ lẹ́yìn pé ọwọ́ Bàbá Ọlọ́kọ̀ ti parí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbọ́. Oníṣirò ni, nílé iṣẹ́ ńlá kan ní ìlú tó jìnnà sí wa. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ̀rù ló ń bà á. Láti ìgbà tí Màmá wa ti kú, Bàbá nìkan ló ń gbé ilé kékeré tó wà lẹ́yìn àgọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní òkè téńté ilé alájà, kí wọ́n máa wo mọ́tò láti ojú fèrèsé. Bàbá ní kó kúkú kó òun sínú kọ́bọ́ọ̀dù kó sì ti ilẹ̀kùn. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, kò já.

"Ó dáa," ni ẹ̀gbọ́n mi sọ níkẹyìn. "Bàbá, ẹ kan ọkọ̀ kan sí i. Èmi náà á jókòó sínú rẹ̀. Bí ẹ bá tù ú dé òdìkejì odò, tí ẹ tù ú padà, mi ò ní sọ̀rọ̀ yìí mọ́ láéláé. Àmọ́ bí kò bá léfòó, ẹ máa bá mi lọ."

"Lọ máa múra àìsọ̀rọ̀ sílẹ̀," ni Bàbá fi dá a lóhùn.

Ibẹ̀ ni fíìmù ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Mo ní bí iṣẹ́ yìí bá máa jẹ́ ìkẹyìn, mi ò ní jẹ́ kó lọ láìní ẹlẹ́rìí; bí kò bá sì ní jẹ́ ìkẹyìn, ẹ jẹ́ kí gbogbo àwọn tó ń rojọ́ wá wò ó. Èmi ni mo di kámẹ́rà mú, ìyẹn fóònù mi. Ọ̀rẹ́ mi onídìrí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tèmi, ló gba ohùn sílẹ̀. Gbohùngbohùn là ń pè é, kì í ṣe nítorí fíìmù rárá. Tipẹ́tipẹ́ ló ti ń jẹ́ ẹ, torí ọ̀rọ̀ tó bá wọ etí rẹ̀ láàárọ̀, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ ọ kó tó di ọ̀sán.

Oòrùn la kọ́kọ́ bá jà. Bí mo bá yà wọ́n nínú oòrùn, ojú Bàbá á dúdú bí ìdí ìkòkò, omi odò tó wà lẹ́yìn wọn á sì funfun débi pé èèyàn ò ní lè wò ó. Mo lọ sílé, mo já kọ́tìnnì funfun lójú fèrèsé ara mi, mo rán an mọ́ igi méjì, a sì nà án sókè láàárín Bàbá àti oòrùn. Ojú wọn dán! Bí a ṣe ń yọ̀, ni afẹ́fẹ́ bá dé. Ẹ bá mi gbọ́ ohun tí maikirofóònù gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, bí ẹni ń din nǹkan nínú epo gbígbóná ni. Ohùn Bàbá ò jáde rárá. Mo wá rántí fìlà òwú kékeré kan tí mo ń rán fún ọmọ oníbàárà mi, mo dé e mọ́ maikirofóònù lórí, ariwo náà sì parẹ́. Mo tún rán fìlà mìíràn fọ́mọ ọlọ́mọ. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ta wínníwínní, agboòrùn kan tí egungun rẹ̀ ti kán ni mo tú, mo sì fi aṣọ rẹ̀ rán ẹ̀wù òjò fún fóònù, mo lu ihò sí i níbi ojú kámẹ́rà.

Bàbá wò ó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ yìí láṣọ ju èmi lọ!"

Ẹ̀rín ni wọ́n rín, àmọ́ fíìmù ti gùn wọ́n. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ṣòkòtò kan náà ló fi ń kan ọkọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gẹ fìlà. Wọ́n á kan ìṣó, wọ́n á yíjú sí mi. "Ṣé o rí ìyẹn dáadáa? Jẹ́ kí n tún un kàn." Gbohùngbohùn ní, "Bàbá, ẹ ti di òṣèré o," wọ́n ní, "Ṣé o ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni?" Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n lóòótọ́. Ìgbà mìíràn wà tí òòlù á bá ìka dípò ìṣó, wọ́n á ní kí n pa ibẹ̀ yẹn rẹ́. Ṣùgbọ́n pákó ń gun pákó, wọ́n ń ki òwú bọ ojú ìsopọ̀ wọn, ọkọ̀ sì ń di ọkọ̀.

Wọ́n kùn ún ní ọ̀dà búlúù, wọ́n fa ìlà funfun sí i létí. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́. Ẹ gbọ́, gbogbo ọkọ̀ tí bàbá mi ti ń kàn bọ̀, bó bá ti parí, ìta ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Òjò á pa á, ìrì á sẹ̀ sí i, ewúrẹ́ á gùn ún, títí ọjọ́ tí ẹni tó ni ín á fi wá gbé e. Inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó lómi ni a ti ń fi ọkọ̀ bébà ṣeré nígbà tá a wà lọ́mọdé. Àmọ́ èyí yàtọ̀. Èyí máa wọ fíìmù!

"Òjò ò gbọdọ̀ kàn án," ni Bàbá wí. "Ọ̀dà á ṣá lójú kámẹ́rà. Ìwọ kọ́ lo mọ aṣọ rán? Rán aṣọ fún un."

Inú mi dùn. Mo ra tapólì, aṣọ tí omi kì í wọ̀, mo wọn ọkọ̀ náà láti imú dé ìdí bí ẹni ń wọn ìyàwó, mo rán aṣọ náà, mo ki okùn sí i létí. Ó bá a mu rẹ́gí. Bí kùrukùru bá ti ṣú, èmi àti Bàbá á sáré, à á wọ ọkọ̀ láṣọ. Bí òjò bá dá, à ò ní bọ́ ọ, torí eruku. Bẹ́ẹ̀ ni òjò ń rọ̀ lóríṣiríṣi, oòrùn ń ràn lé e, ọkọ̀ wa wà nínú tapólì ní gbígbẹ táútáú, ó ń dúró de ọjọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ náà pé. Ẹ ò rí irú ojú ọjọ́ yẹn rí! Ojú ọ̀run mọ́ kedere, afẹ́fẹ́ kò fẹ́, omi odò dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ní Ọlọ́run náà fẹ́ràn fíìmù. Ẹ̀gbọ́n mi dé pẹ̀lú mọ́tò rẹ̀ àti bàtà dúdú tuntun. Ó ti gbé àpótí aṣọ Bàbá sínú búùtù mọ́tò kó tó ki ẹnikẹ́ni tán.

Mo tọ̀ ọ́ lọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé a ti ń sìnkú ẹni tí kò tíì kú ni?"

"Mo kàn ń múra sílẹ̀ ni, àbúrò mi. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù."

"Ẹ máa da omi lọ," ni mo wí. Mi ò mọ̀ pé ẹnu mi ń sọ nǹkan.

Bàbá wọ inú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé wọn, àwọn atukọ̀ méjì tì wọ́n wọ omi. Gbogbo bèbè odò pàtẹ́wọ́. Bàbá gbá omi pẹ̀lú àjẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún gbá a, wọ́n yíjú sí mi kí n lè rí wọn. Lójijì ni ẹ̀gbọ́n mi fò sókè. "Bàbá! Omi! Omi ti wọ bàtà mi!" Omi ń yọ láàárín pákó lọ́tùn-ún lósì bí òógùn. Bàbá tẹra mọ́ àjẹ̀, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ọkọ̀ ń rì díẹ̀díẹ̀. Wọn ò tíì jìnnà rárá. Àwọn atukọ̀ kó sínú odò títí dé ìbàdí, wọ́n sì fà wọ́n padà.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín ni, ǹ bá rí ẹni bá jà. Bàbá dúró nínú ẹrọ̀fọ̀, wọ́n ń wo ọwọ́ ọ̀tún wọn bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn.

"Ọwọ́ mi ni," ni wọ́n wí. "Kì í ṣe ọkọ̀ ló jò. Ọwọ́ mi ló jò."

"Bàbá, ó tó," ni ẹ̀gbọ́n mi wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Àwọn atukọ̀ wọ́ ọkọ̀ náà dé ẹ̀gbẹ́ àgọ́, wọ́n gbé e kalẹ̀ lórí ìtì igi méjì lábẹ́ etí páànù, wọ́n sì bá tiwọn lọ láìdaṣọ bò ó. Kò pẹ́ sí i lójú ọ̀run yí padà. Afẹ́fẹ́ kan wá, ó gbá kọ́tìnnì mi lọ, n kò rí i mọ́ dòní. Òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, òjò! Eji ò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ó pa wá títí a fi wọlé, ó bo ọ̀nà mọ́lẹ̀, ó gbé afárá kékeré tó wà níbi oríta lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ gbé Bàbá lọ kò rí ibì kankan gbà. Ó di ẹni tó ń sùn sórí ẹní nílé tí a bí i sí, táì rẹ̀ wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìlà Bàbá.

Òjò náà ò dá. Ilẹ̀ ń mọ́, ilẹ̀ ń ṣú, ó ń rọ̀. Bàbá kọjú sí ògiri. Bí mo bá gbé oúnjẹ lọ, wọ́n á ní àwọn ti yó. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń bú ojú ọ̀run. Ìgbà tá a fẹ́ kó dáa, ó dáa láti fi dójú tì wá. Ìgbà tí kò sí nǹkan tí a fẹ́ yà mọ́, ó wá ń fi omi ṣòfò. Mo yọ fóònù láti pa àwòrán ọjọ́ yẹn rẹ́. Gbohùngbohùn gbà á lọ́wọ́ mi.

"O ò ní pa nǹkan kan rẹ́."

"Kí ni mo fẹ́ fi ìtìjú bàbá mi ṣe?"

"Mi ò mọ̀. Àmọ́ ọwọ́ ẹni tínú ń bí kì í ṣe ọwọ́ tó ń pa nǹkan rẹ́." Ó fi fóònù náà sínú àyà ara rẹ̀, ó sì lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò náà fẹ́ẹ́ dá, tó ku wínníwínní, ẹ̀gbọ́n mi lọ wo ọ̀nà, ó ní wọ́n ti to pákó sórí afárá, mọ́tò lè kọjá. Bàbá dìde, wọ́n wọ kóòtù. Wọn ò dé fìlà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ọkọ̀ náà pé ó dìgbóṣe. Mo tẹ̀ lé wọn. Mo ti gba fóònù mi padà, mo sì wọ̀ ọ́ lẹ́wù òjò rẹ̀. Ẹ má bi mí pé kí ni mo fẹ́ yà. Orí kunkun ni.

A dé ẹ̀gbẹ́ àgọ́. Gbogbo ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé náà, inú ọkọ̀ ló ti ń dà sí látọjọ́ yìí. Ọkọ̀ ti kún dé etí, omi ń ṣàn kọjá ìlà funfun yẹn, ewé kan ń yí po lórí omi. Ẹkún gbọ̀n mí.

"Ẹ wo bó ṣe bàjẹ́, Bàbá. Ó mà ti kún fọ́fọ́."

Bàbá dúró. "Kí lo wí?"

"Mo ní ó ti kún."

"Tún un wí."

"Bàbá, ó kún! Ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i." Ohùn wọn ti yí padà. "Ọmọ mi, ohun tó ń jò kì í kún."

Wọ́n kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ pẹ̀lú kóòtù wọn, wọ́n ki ọwọ́ bọ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń fi ìka tọ ojú ìsopọ̀ pákó kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé imú. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú wọn. Ó kọ́kọ́ dà bí ikọ́, àfi bó ṣe bú jáde.

"Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́! Òùngbẹ lásán! Pákó tó bá mumi yó á wú, á fún mọ́ ara wọn típẹ́típẹ́; èyí tó bá gbẹ á sún kúrò lára èkejì. Gbogbo ọkọ̀ tí mo ti ń kàn láyé mi, òjò ló ń bá mi parí wọn. Èyí tí mo wá fẹ́ràn jù, mo daṣọ bò ó, kí n lè rẹwà nínú fíìmù! Àgbà òṣèré, àgbà òmùgọ̀!" Wọ́n gbá ọwọ́ ọ̀tún wọn mọ́ ara ọkọ̀ gbàmù-gbàmù. "Ọwọ́ mi ò jò! Ṣé o gbọ́? Ọwọ́ mi ò jò!"

Mo gbọ́. Àti èmi tí mo rán aṣọ, àti ẹni tó ní kí n rán an, ta ni ká bá wí? Mo bú sẹ́rìn-ín, mo bú sẹ́kún, mi ò mọ èyí tó ṣíwájú.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń fun fèrè mọ́tò. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ kí òjò tó tún le o!"

"Sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀," ni Bàbá pariwo. "O ní bí ọkọ̀ bá léfòó. O ò sọ pé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo la máa dán an wò."

"Nínú òjò yìí?"

"Ṣé iyọ̀ ni ẹ́ ni?"

Gbohùngbohùn nìkan ni mo sọ fún. Kí n tó wé gèlè mi tán, bèbè odò ti kún. Àwọn atukọ̀ gbọ́n omi inú ọkọ̀ dànù, mo kó àjákù aṣọ wá láti ṣọ́ọ̀bù, a nu inú rẹ̀ mọ́. A yá agboòrùn ńlá tí ẹnì kan fi ń bo ìsọ̀ rẹ̀, a dè é mọ́ àárín ọkọ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi lè rí ilẹ̀ ọkọ̀ dáadáa, kó má bàa sọ pé omi òjò ni tàbí omi odò. Òun náà ti yá bàtà òjò tó dé orúnkún, ó gbá abọ́ ìgbọ́nmi mọ́ra bí ọmọ tuntun. Bàbá dé fìlà wọn. Èmi jókòó síwájú, Gbohùngbohùn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, maikirofóònù rẹ̀ dé fìlà òwú, náílọ́ọ̀nù sì bo fìlà.

Wọ́n tì wá wọ omi. Bí a ṣe kúrò létí odò ni òjò tún le. Mo ní ó ti parí, kí ni mo lè rí nínú èyí? Mo wo ojú fóònù. Ẹ̀yin tèmi, mi ò rí irú àwòrán yẹn rí! Odò náà dà bí eérú, òjò ń gún un lábẹ́rẹ́ káàkiri, ọkọ̀ wa búlúù ń tàn láàárín rẹ̀. Ọ̀dà tí a ní òjò ò gbọdọ̀ kàn, òjò ló mú un dán. Mo yí kámẹ́rà sí Bàbá. Omi ń ṣàn lójú wọn, wọn ò wo kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, àjẹ̀ ò gbọ̀n. Wọ́n ń gbá omi, ọkọ̀ ń lọ tààrà, ó ń lọ bí ẹni tó mọ ilé. A dé òdìkejì, Bàbá fi àjẹ̀ kan òpó tó wà níbẹ̀, wọ́n sì yí imú ọkọ̀ padà.

Ilẹ̀ ọkọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń wò láti ìgbà tá a ti kúrò. Ó wo abẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó wo abẹ́ ẹsẹ̀ òsì. Nígbà tá a dé àárín odò, ó gbé abọ́ sílẹ̀. Ó bọ́ bàtà òjò kan, ó bọ́ èkejì, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ lásán tẹ pákó náà mọ́lẹ̀.

"Bàbá."

"Hẹn."

"Ibí yìí ni mo máa ń jókòó sí ní kékeré."

"Ibẹ̀ náà ni. O sì máa ń bì."

Ẹ̀rín pa á. Ojú rẹ̀ ti kún fún omijé, kò sì fi pamọ́. "Ẹ má tíì gúnlẹ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká tún lọ lẹ́ẹ̀kan sí i."

A tún lọ. Nígbà tá a padà gúnlẹ̀, igbe tó sọ létí odò yẹn, Gbohùngbohùn ní òun ò nílò maikirofóònù. Àwọn tó ti ń rojọ́ lẹ́yìn ló gbé Bàbá sókè. Ẹ̀gbọ́n mi gba àárín wọn kọjá láìwọ bàtà, ó lọ sídìí mọ́tò, ó ṣí búùtù, ó gbé àpótí Bàbá ka orí, ó sì gbé e wọlé nínú òjò. Kò sọ ohunkóhun. Ó ti ṣèlérí.

Mo ń fò, mo ń pariwo, mo ń lu ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ mi. Ni Gbohùngbohùn bá dì mí mú. "Ṣé o ya ìyẹn?"

Mo wo fóònù tó so rọ̀ lọ́rùn mi. Ikùn ara mi ni mo ń yà láti ìgbà tá a ti gúnlẹ̀.

"Yéè! Mo gbé!"

Bàbá ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gẹ fìlà wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Kí lò ń kígbe fún? Ẹ tún un ṣe."

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, mo kúnlẹ̀ sínú omi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá àpótí padà sínú mọ́tò."

Ó wò mí. Ó wo òjò. Ó gbé àpótí náà padà, ó tì í sínú búùtù, ó pa á dé. Mo nu ojú kámẹ́rà, mo ní ó yá. Ó ṣí búùtù, ó gbé àpótí bàbá wa ka orí, ó sì tún gbé e wọlé, ó rọra ń rìn, ó gbé ojú sókè kí n lè rí i dáadáa.